Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àyálò

Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ máa ń bi mí lórí tẹlifóònù ni bóyá mo ti sanra. Kì í bi mí bóyá mo ti mọ aṣọ rán, kì í sì í bi mí bóyá ọ̀gá mi ń lù mí. Á kọ́kọ́ pariwo orúkọ mi bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò, torí kò gbà pé wáyà tín-ínrín lè gbé ohùn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà á ní, "Ṣé ara ti ń kún?" Èmi náà á pariwo láti pọ́ọ̀sì Yábàá, ilé ìfìwéránṣẹ́ tí a ti ń pe tẹlifóònù, pé, "Ó ń kún, Ìyá." Àwọn tó tò sẹ́yìn mi á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn rí i pé irọ́ ni mo ń pa.

Ọmọ Kétu ni mí, láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Mo dé Èkó nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn ọlọ́jà Tejúoṣó ṣì ń fi ṣílè ka gbogbo nǹkan. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo wá kọ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Bíọ́lá, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Èmi ni mo yan iṣẹ́ náà, èmi náà ni mo yan Èkó. Lásísì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀sì Pọ̀bẹ̀ níbi tí ìyá mi ti máa ń gba ìpè mi, kò fẹ́ ẹ rárá. Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà, ó sì fi àdéhùn kan sí i: lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i pé ìyà ń jẹ mí, mo máa padà sílé, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́.

Nílé wa, wọn kì í fẹnu béèrè bóyá ìyà ń jẹ ọmọ. Apá rẹ̀ ni wọ́n máa ń dì mú. Bí èèyàn bá ti àjò dé, àwọn ìyá àgbà ilé á jáde pàdé rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ yí apá rẹ̀ ká lókè ìgúnpá, wọ́n á fún un wò. Bí ẹran bá kún ọwọ́ wọn, ibi tó ti ń bọ̀ dára nìyẹn. Bó bá jẹ́ eegun ni ọwọ́ bà, wọn ò ní gbọ́ àlàyé kankan mọ́. Ojú mi ni ọmọbìnrin kan ṣe ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ, tí wọn ò jẹ́ kó padà nítorí apá. Èmi ní tèmi, tín-ínrín ni wọ́n bí mi, Èkó sì tún wá gbà lára ìwọ̀nba tí mo gbé wá.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Èkó ni pé wọ́n gbọ́ ohun tí mo ń sọ, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èdè kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á ní, "Ọmọ Kútọnu, tún un sọ ká gbọ́." Bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì fojú kan Kútọnu rí láyé mi. Kí n tó kúrò nílé, èrò mi ni pé àjèjì ni ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, kó sì tún jẹ́ àjèjì. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí jù, pé mo ń gbọ́ ọ.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ojú bọ́tìnnì nìkan ni mo ń rán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àǹtí Bíọ́lá gbé apá aṣọ lé mi lọ́wọ́. Mo rán an, ó ní kí n tú u. Mo tún un rán, ó ní kí n tú u. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì gbé e sórí àwọn tó ti parí, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Lọ́dọ̀ Àǹtí Bíọ́lá, bí kò bá ti sọ̀rọ̀, ó ti yìn ọ́ nìyẹn. Mo rìn padà sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Mushin ni èmi àti Múníra jọ ń gbé, nínú yàrá kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Bíọ́lá, ó sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ọjọ́ Sunday ló máa ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ọjọ́ náà ló sì máa ń nira fún mi jù. Mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìdó nígbà míì, láìní ibi tí mò ń lọ, kí n kàn jókòó sẹ́bàá gáréèjì, kí n máa dẹtí bóyá màá gbọ́ ẹnìkan tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Lọ́jọ́ kan mo rí ìyá kan láti Pọ̀bẹ̀. A sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa àgbàdo, nípa òjò lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ rẹ̀ sì gbéra. Mo sunkún lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ orúkọ obìnrin náà.

Akọ̀wé kan ní pọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ohùn mi máa ń gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, á gba ìlú àwọn Faransé kọjá, kó tó wá bọ́ sí Pọ̀bẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, torí bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ìyá mi tó dáhùn. Ọkọ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ láti Èkó dé ilé wa. Síbẹ̀, òyìnbó méjì ni ọ̀rọ̀ mi máa ń kí lọ́nà kó tó kan ìyá tó bí mi.

Fọ́tò ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Mo rán búláòsì kan fún ara mi, àkọ́rán mi tí ẹnikẹ́ni ò bá mi tọwọ́ bọ̀, mo sì wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Nígbà tí mo pè, Lásísì ló gbé e, kì í ṣe ìyá mi.

"Ìyá ń sunkún láti ọjọ́ tí fọ́tò yẹn ti dé," ó ní. "Eegun ọrùn ẹ là ń rí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí búláòsì yẹn? Èmi ni mo rán an."

"A rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wálé fún Iléyá tó ń bọ̀ yìí, ká rí ẹ. Bó bá jẹ́ bó o ṣe wà nìyẹn, o ò padà síbẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku bí ọdún kan kí n gba fírídọ́ọ̀mù. Bí mo bá kúrò báyìí, òfo ni gbogbo rẹ̀."

Ó ní, "Apá ẹ ló máa dá wa lóhùn."

Iléyá ku oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Mo ń jẹun bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, kò sì hàn lára mi. Nígbà tí Múníra rí i pé mo ń fi okùn ìwọnṣọ wọn apá mi láràárọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ nìkan lo ń ṣe wàhálà," ó ní. "Àwọn ìyàwó tuntun mélòó ló sanra ní Mushin yìí tó jẹ́ oúnjẹ ni? Dìde, jẹ́ ká lọ rí Dókítà."

Ẹni tó ń jẹ́ Dókítà yìí, kẹ́míìsì kan ló ní, ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Kò bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "O fẹ́ kún," ó sì ka hóró oògùn funfun kéékèèké sínú bébà. Méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n má lò ó láìjẹun.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ebi dé. Irú ebi tí mi ò rí rí ni, mo lè jẹun tán kí n máa wo oúnjẹ Múníra. Oorun dínkù, ṣùgbọ́n agbára wà, mo ń fi máṣíìnì ṣiré. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti yọ síta, ó ń dán. Àwọn tó ń ta òwú fún wa ní Tejúoṣó ò pè mí ní ọmọ Kútọnu mọ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo máa ń dúró níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kí n máa wo obìnrin olójú róbótó tó wà níbẹ̀. Ó jọ ẹni tó ní ilé ní Èkó.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò bá a mu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ikùn kún, ẹ̀yìn ọrùn pàápàá kún, ṣùgbọ́n apá ò kún. Àní ó tún ń tín-ínrín sí i ni. Bí mo bá fi ọwọ́ gbá etí tábìlì díẹ̀, ojú ibẹ̀ á di dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo padà lọ bá Dókítà, ó ní kí n fi hóró kan kún un, apá máa ń pẹ́ ni. Mo pinnu pé ọlọ́wọ́ gígùn ni màá wọ̀ délé, kí Ọlọ́run bá mi fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tan àwọn ìyá àgbà jẹ.

Ìṣòro kejì ni ẹrù mi. Ìyá mi ló máa ń tú ẹrù ọmọ tó bá dé, kò sí ìdì tí kì í tú. Bó bá rí oògùn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mo bi Dókítà pé, bí mi ò bá lò ó mọ́, ọjọ́ mélòó ni oògùn náà ṣì máa wà lára mi?

"Oṣù mẹ́ta," ó ní, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni tó ń polówó ọjà rẹ̀. "Ó ti wọnú eegun. Lọ sílé ẹ, jẹ ẹran iléyá, fọkàn balẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́wàá, mo kó gbogbo èyí tó kù dà sí gọ́tà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ wò ó ní Èkó ná bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dúró.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúró. Èmi gan-an ni mi ò dúró. Lọ́jọ́ kẹta, oríkèé gbogbo ń ro mí, oúnjẹ ń rùn sí mi. Lọ́jọ́ kẹrin, bí mo bá dìde, ilẹ̀ á máa yí. Mo ń bì, Àǹtí Bíọ́lá sì ń wò mí láti orí máṣíìnì rẹ̀. Nígbà tó yá, ó pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló fún ẹ lóyún?" ó ní.

"Àǹtí, mi ò lóyún."

"O sanra lójijì, o ń bì. Ṣé ọmọdé ni mí ni? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará ilé ẹ?"

Mo búra títí, kò gbà. Lọ́jọ́ kẹfà, láàárọ̀, mo ń tẹ máṣíìnì lọ́wọ́ nígbà tí ojú mi ṣú. Múníra sọ fún mi lẹ́yìn náà pé orí aṣọ oníbàárà ni mo ṣubú lé, àti pé Àǹtí Bíọ́lá fúnra rẹ̀ ló gbé mi sẹ́yìn wọ takisí, láì bọ́ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn.

Nígbà tí mo lajú ní ọsibítù, omi ni wọ́n ń fà sí mi lára. Nọ́ọ̀sì àgbà kan dúró tì mí, Sístà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ká apá aṣọ mi sókè, ó wo àwọn ibi tó ti dúdú níbẹ̀.

"Oògùn wo lo ń lò?"

"Mi ò lo nǹkan kan, mà."

Ó yíjú sí Múníra. Múníra bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ìgbà wo lo lò ó kẹ́yìn?" Sístà bi mí.

"Ó di ọjọ́ mẹ́fà, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní oṣù mẹ́ta ló máa lò lára mi."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà wa ní Mushin."

Sístà fa àga, ó jókòó. "Gbọ́ mi. Sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pe oògùn yẹn. Ọjọ́ kan, bó pẹ́ tán ọjọ́ méjì, ó ti jáde lẹ́jẹ̀ ẹ. Ó ti lọ tipẹ́. Ohun tó ṣe sí ẹ ni kò tíì lọ. Nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín rẹ, òun ló máa ń ṣe irú oògùn yẹn fúnra rẹ̀ láràárọ̀, oògùn tí Ọlọ́run fi sí ẹ lára, tó fi ń gbé ẹ dìde. Kí lo ń kọ́?"

"Aṣọ rírán, mà."

"Ó dáa. Bí ọ̀gá ẹ bá ń ra aṣọ tí wọ́n ti rán wá láti ìta fún oṣù mẹ́rin, tó ní kí ẹ̀yin ẹ sùn, kí ló máa ṣe máṣíìnì yín?"

"Á dípẹtà, mà."

"Lọ́jọ́ tí kò bá wá rí èyí tó máa rà mọ́, tí oníbàárà dúró sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kó o kú."

Mo wá ní, "Ìgbà wo ló máa jí, mà?"

"Mi ò lè dá ọjọ́ fún ẹ. Ó lè jẹ́ oṣù mélòó kan. Ti ẹlòmíì máa ń tó ọdún kan."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ńkọ́?"

Sístà dìde kúrò lórí àga. "Ìyẹn á lọ," ó ní. "Díẹ̀díẹ̀ ló máa lọ. Kì í ṣe tìẹ."

Àǹtí Bíọ́lá ti pe Lásísì láti pọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kẹta, Lásísì àti ìyá mi wọlé sí wọ́ọ̀dù náà. Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi di àpò kan máyà, ó ń wo ojú àwọn tó dùbúlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo ojú mi, ó sì kọjá.

Ó ti dé bẹ́ẹ̀dì kẹta sí mi kí n tó lè pè é. "Ìyá."

Ó dúró. Ohùn yẹn ló mọ̀, ohùn tó ti ń gbọ́ nínú wáyà fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ó yí padà, ó wò mí, ó sún mọ́ mi, kò kí mi. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora, ó wá apá mi rí, ó fi ọwọ́ yí i ká. Eegun ni ó bà. Ó dì í mú síbẹ̀.

"Apá ni tìẹ," ó ní. "Ta ló ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí?"

Ìgbà náà ni mo tó sunkún, láti ọjọ́ tí mo ti dé ọsibítù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fọ́tò, hóró oògùn, àdéhùn Lásísì, gọ́tà. Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n mú mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mi ni. Lásísì ní kí n máa di ẹrù mi, a ò ní sùn ní Èkó lónìí. Ṣùgbọ́n Sístà ti gbọ́ ọ.

"Ibo lẹ fẹ́ gbé e lọ?" ó ní. "Oògùn yẹn náà la ṣì máa fún un, ká máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi jí. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ká máa rí i. Bó bá dáwọ́ dúró lójijì lọ́nà ibì kan, ẹ ò ní rí i gbé délé."

Lásísì wo ìyá mi. Ìyá mi ò tíì mú ọwọ́ kúrò ní apá mi.

"Á dúró," ó ní. Ó wá yíjú sí mi. "Èmi ni mo ń bi ẹ́ nípa sísanra lóṣooṣù. Mi ò ní bi ẹ́ mọ́."

Ó dúró tì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá Mushin. Kò fẹ́ràn omi Èkó, kò fẹ́ràn ariwo rẹ̀, ó sì fẹ́ràn Múníra ju bó ṣe yẹ lọ lójú mi. Lọ́jọ́ tó máa lọ, Sístà kọ ìwé kékeré kan fún mi, pé bí wọ́n bá bá mi níbi tí mo ṣubú sí, kí wọ́n mọ oògùn tí ara mi ń retí. Ó ní mi ò gbọdọ̀ jáde láìmú un dání, títí di ọdún kan lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn. Mo rán àpò sínú gbogbo yẹ̀rì mi nítorí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè orí tẹlifóònù yí padà. Ìyá mi á pariwo orúkọ mi, á ní, "Ó ku hóró mélòó?" Èmi á ní, "Méjì, Ìyá." Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí ọ̀kan. Abẹ ni mo fi ń la hóró náà sí méjì, àwọn ìgbà kan sì wà tí mo gbìyànjú ààbọ̀ tí ara kọ̀, tí mo ní láti padà sẹ́yìn. Oògùn tó kúrò lẹ́jẹ̀ èèyàn lọ́jọ́ méjì, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń jáde kúrò nínú rẹ̀.

Mo máa ń rò ó nígbà yẹn, bí mo bá jókòó sí Ìdó lọ́jọ́ Sunday. Ọjọ́ kan péré ni mo fi kúrò ní Kétu. Ṣùgbọ́n Kétu wà ní ahọ́n mi, ó wà nínú bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó wà nínú ohun tí mo ń bẹ̀rù. Mo ti ń dà á pọ̀, mo rò pé bí mo bá tètè ní ojú ará Èkó, mo ti di ará Èkó. Ojú náà dé kíá. Èmi ni mi ò sí nínú rẹ̀. Ó wá ń lọ báyìí, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń padà yọ, àwọn olówùú Tejúoṣó sì ń bi mí bóyá ọkọ mi ò fún mi lóúnjẹ mọ́. Mo ní mi ò lọ́kọ. Mo sọ ọ́ ní ohùn Kétu, wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo gba fírídọ́ọ̀mù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e. Àǹtí Bíọ́lá gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo lọ sílé, mo wọ búláòsì ọlọ́wọ́ kúkurú tó wà nínú fọ́tò ọjọ́sí. Àwọn ìyá àgbà jáde. Èyí tó dàgbà jù fi ọwọ́ yí apá mi ká, ó fún un, ó mi orí.

"Èkó ti jẹ ọmọ yìí," ó ní.

Lásísì wà níbẹ̀, ó ń wo ìyá mi. Ìyá mi ló tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gba ẹrù lórí mi.

"Ẹ wo ojú rẹ̀," ó ní. "Ojú rẹ̀ ló gbé wálé."

Ó gbé ẹrù náà wọ yàrá, ó tú u bó ṣe máa ń tú u. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fa ìwé Sístà yọ látinú àpò yẹ̀rì. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó jẹ́. Ó nà án tó tẹ́, ó tún un ká bó ṣe wà, ó sì fi sókè aṣọ gbogbo, níbi tí ọwọ́ mi ti máa tètè tó o lójú ọ̀nà Èkó.